Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ariwo Lábẹ́ Ọkọ̀

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè:
• júwe ariwo fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ró;
• lo «nígbà tí» àti «nígbàkígbà tí … bá» láìṣì wọ́n lò;
• ka àlàyé iṣẹ́ ọwọ́, kí ẹ sì sọ ohun tó fa àléébù kan.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń júwe àìsàn fún dókítà. Lọ́sẹ̀ yìí, ọkọ̀ ni ara rẹ̀ kò yá. Iṣẹ́ méjèèjì jọra púpọ̀. Bí ẹ bá pe mẹkáníìkì Yorùbá kan ní Peckham lórí fóònù, tí ẹ ní, «Ọkọ̀ mi ń pariwo,» ìbéèrè ni yóò fi dá yín lóhùn: Irú ariwo wo? Apá ibo? Ìgbà wo ló máa ń ró? Kò rí ọkọ̀ náà, kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló ní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá pé, ó lè mọ ibi tí àléébù wà kó tó fọwọ́ kan sípánà. Bí kò bá pé, ẹ lè ra páàtì tí ọkọ̀ kò nílò, kí èyí tó bàjẹ́ gan-an sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí ariwo rẹ̀ tó o ní oríṣiríṣi.

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

páàtì: ẹ̀yà kan lára ọkọ̀ tí a lè tú kúrò, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀
sípíríǹgì: irin tí a ká róbótó, tó ń gbé ìwúwo ọkọ̀
ṣọ́ọ̀kì: ọ̀pá tí òróró wà nínú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè sódò láìdáwọ́ dúró
máńtìn: ìdè onírọ́bà tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀
búùṣì: rọ́bà tó wà níbi tí irin méjì ti pàdé, kí wọ́n má baà lu ara wọn
líńkéèjì: ọ̀pá kékeré tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá stabilizer
ọ̀pá stabilizer: irin gígùn tó ti apá ọ̀tún dé apá òsì, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù ní kọ́nà
nọ́ọ̀tì àti bóòtù: tọkọtaya tó ń de irin mọ́ irin
bọ́ǹpù: òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì kí awakọ̀ má baà sáré

KÍKÀ: ÌDÍ TÍ ỌKỌ̀ TÍ A RẸ̀ SÍLẸ̀ FI Ń PARIWO

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn ọkọ̀ tó súnmọ́ ilẹ̀. Àṣà náà ti pẹ́. Ní California, àwọn ará Amẹ́ríkà tó wá láti ìran Mẹ́síkò ti ń rẹ ọkọ̀ wọn sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1940. Òfin ìpínlẹ̀ náà wá sọ ní 1958 pé ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìsàlẹ̀ irin wíìlì lọ. Lọ́dún kejì, 1959, Ron Aguirre fi ẹ̀rọ háídírọ́líìkì ọkọ̀ òfuurufú sínú ọkọ̀ tirẹ̀, kó lè máa gbé e sókè, kó sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lónìí rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ ká mú Volkswagen Golf kan ní London. Ẹni tó ni ín yọ sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ wá, ó fi èyí tó kúrú sí i, ọkọ̀ náà sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 30mm. 30mm kò pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti wọn gígùn gbogbo páàtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá gíga àtijọ́ mu. Nígbà tí gíga yí padà, ìdúró gbogbo wọn yí padà pẹ̀lú: líńkéèjì ti gùn jù, búùṣì ti lọ́, àyè tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ti dín kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ.

Ẹ fetí sí ariwo mẹ́fà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pa.

1. Kọ́-kọ́-kọ́. Ariwo yìí yára, ó sì dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó máa ń ró bí táyà kan ṣoṣo bá bọ́ sínú kòtò kékeré. Bí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè máà ró rárá, nítorí pé ọ̀pá stabilizer kì í lọ́ nígbà tí apá méjèèjì bá jọ gòkè. Líńkéèjì ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ó lè ti jẹ, nọ́ọ̀tì rẹ̀ lè má le, tàbí kí ó gùn jù débi pé ọ̀pá stabilizer ń fara kan irin mìíràn. Líńkéèjì tó kúrú ni àtúnṣe èyí tó kẹ́yìn yìí.

2. Gbì! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó sì wúwo. Rọ́bà kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń gba ìkọlù bí ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀ tán. Nígbà tí a bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, àyè tó kù kí ó tó kan rọ́bà yẹn kì í pọ̀ mọ́. Nítorí náà ni ìwé tó bá ọ̀pọ̀ sípíríǹgì kúkúrú wá fi ń sọ pé kí a gé díẹ̀ kúrò lára rọ́bà náà. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó gé e.

3. Gbọ̀-ọ̀-ìn. Ó dà bí okùn tí a fà tí a sì jù sílẹ̀ lójijì. Ó máa ń ró nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan tí ẹ ń yí sítíárìn. Níwájú ọkọ̀ bíi Golf, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ jọ yí pẹ̀lú táyà. Béárìn tó wà lábẹ́ máńtìn ló ń jẹ́ kí wọ́n yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí béárìn náà bá ti gbó, tàbí tí wọ́n tò ó sódì, sípíríǹgì á kọ̀ láti yí, á lọ́, á wá já ara rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Yíí-yíí. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ìjókòó onígi tó ti gbó. Búùṣì ló ń ké. Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, táyà ń fì lófuurufú, wọ́n sì de bóòtù búùṣì le níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀, irin gòkè, ṣùgbọ́n rọ́bà ti há, ó sì lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà tọ̀sán-tòru títí yóò fi ya. Kì í ṣe búùṣì tuntun ni àtúnṣe rẹ̀ bí kò bá tíì ya: ẹ tú bóòtù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà, kí ẹ tó dè é padà. Ti búùṣì polyurethane yàtọ̀. Òun máa ń ké bí gíríìsì silikónì rẹ̀ bá ti gbẹ.

5. Kan-an! Irin lu irin. Bí sípíríǹgì bá kúrú jù fún ṣọ́ọ̀kì, ó lè tú kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí táyà bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò jíjìn, kó wá padà jókòó pẹ̀lú ariwo. Nọ́ọ̀tì orí máńtìn tí kò le náà máa ń ró bẹ́ẹ̀. Nínú ariwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí ni kò yẹ kí ẹ fi dọ́la.

6. Ṣàà. Táyà ń ha ara ọkọ̀, pàápàá bí èrò bá jókòó sẹ́yìn tàbí tí ẹ bá yí sítíárìn dópin. Ẹ wo inú ibi tí táyà wà: ibi tó bá ń dán ni táyà ti ń hà á.

ÌBÁNISỌ̀RỌ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ káàsán o, bọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́.
Mẹkáníìkì: Káàsán, àbúrò. Kí ló dé?
Akẹ́kọ̀ọ́: Ọkọ̀ mi ni o. Látìgbà tí mo ti pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀ ló ti ń ró kọ́-kọ́-kọ́.
Mẹkáníìkì: Ta ló bá ẹ pààrọ̀ ẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ṣe é, ní Sátidé tó kọjá.
Mẹkáníìkì: Hẹn-ẹn. Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?
Akẹ́kọ̀ọ́: Iwájú, lápá òsì.
Mẹkáníìkì: Bí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́ǹpù ńkọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́: Kì í ró. Àmọ́ nígbàkígbà tí táyà òsì bá bọ́ sí kòtò, á ró.
Mẹkáníìkì: Bó o bá dúró sójú kan, tó o yí sítíárìn?
Akẹ́kọ̀ọ́: Kì í ró rárá.
Mẹkáníìkì: Ó jọ líńkéèjì. Ṣé ẹ pààrọ̀ ẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́: Rárá, èyí tó bá a wá la dá padà.
Mẹkáníìkì: Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń de nọ́ọ̀tì ẹ̀, ṣé ọ̀pá inú ẹ̀ ò bá a yí?
Akẹ́kọ̀ọ́: Ó ń yí o! A kàn ń dè é lọ títí ó fi ṣe bí ẹni pé ó ti le.
Mẹkáníìkì: Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ ní láti mú orí ọ̀pá yẹn dúró kẹ́ ẹ tó de nọ́ọ̀tì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rò pé ó le, kò sì le. Gbé ọkọ̀ náà wá lọ́la, kó o sì rọra wà á.
Akẹ́kọ̀ọ́: Bọ̀dá, mo fẹ́ fi lọ gbé àǹtí mi ní Gatwick lálẹ́ òní ni.
Mẹkáníìkì: Rárá o. Kí àǹtí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí nọ́ọ̀tì kan ò bá le, kí ló dá ẹ lójú pé àwọn yòókù le?
Akẹ́kọ̀ọ́: Òótọ́ ni. Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Màá pè wọ́n báyìí.

Ẹ ṣàkíyèsí: Mẹkáníìkì ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyí tó fi ń pè é ní «o». Nígbà tó wá ní «Ṣé ẹ pààrọ̀ ẹ̀?» kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló ń fún un, ẹni méjì ló ń bá wí: akẹ́kọ̀ọ́ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà pe àǹtí rẹ̀ ní «wọ́n»: ẹni kan ṣoṣo ni àǹtí, ṣùgbọ́n àgbà ni.

GÍRÁMÀ

1. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ìgbà gbogbo?

Nígbà tí mo gun bọ́ǹpù, ó ró gbì. (Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀.)
Nígbàkígbà tí mo bá gun bọ́ǹpù, ó máa ń ró gbì. (Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.)

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún mẹkáníìkì. Ohun tó ró lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ òkúta tí táyà ta. Ohun tó ń ró nígbàkígbà ní ohun kan pàtó tó ń fà á. Ẹ má ṣe gbàgbé «bá»: òun ló sọ pé a kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kan pàtó.

2. Ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ohùn

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe bíi ró, dún tàbí ké. Bí a bá tún un pè, ariwo náà ń ró léraléra: gbì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, gbì-gbì-gbì kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tún fetí sí ohùn orí rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń bá ohun ńlá tàbí ohun tó wúwo lọ, ohùn òkè a sì máa bá ohun kékeré lọ: òkúta rògòdò tóbi ju èyí tó rí rógódó. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ọkọ̀ yín ró «gbí», mẹkáníìkì á tún bi yín léèrè.

ÌKÌLỌ̀

Bí ẹ bá fẹ́ wá ariwo fúnra yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tì í. Ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì nígbà tí sípíríǹgì ṣì wà ní fífún mọ́ ọn. Agbára tó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún wa ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ páàtì mẹ́ta pọ̀ tí ariwo sì lọ, ẹ kò ní mọ èwo ló fà á. Bí sítíárìn bá yí padà lọ́wọ́ yín, tàbí tí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, ẹ dúró.

ÌDÁNRAWÒ

A. Ẹ dáhùn ní gbólóhùn tó pé.
1. Kí nìdí tí mẹkáníìkì fi béèrè nípa bọ́ǹpù àti kòtò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?
2. Kí ló mú kó dá a lójú pé kì í ṣe béárìn máńtìn?
3. Ṣé ẹ gbà pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ẹ sọ ìdí.

B. Ẹ yí gbólóhùn wọ̀nyí padà sí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà.
1. Nígbà tí mo yí sítíárìn, ó ró gbọ̀-ọ̀-ìn.
2. Nígbà tí èrò mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, táyà ha ara ọkọ̀.

D. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí?
1. Ọkọ̀ kan ń ké yíí-yíí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ búùṣì rẹ̀ nígbà tí táyà ń fì.
2. Ọkọ̀ kan ń ró kan-an nígbàkígbà tí táyà rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò jíjìn.

E. Ní méjì-méjì: kí ẹnì kan ṣe mẹkáníìkì, kí ẹnì kejì ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ mú ọ̀kan nínú ariwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó má sì dárúkọ páàtì kankan. Kí mẹkáníìkì béèrè ìbéèrè márùn-ún péré kó tó sọ ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò.