Bí A Ti Lè Kọ́ Eré Àwọn Gíríìkì ní Ṣómólú àti Báríga

Àwọn baba wa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ eré àwọn Gíríìkì àtijọ́ hàn yín, láìsí owó púpọ̀.

Ní Áténì, ní nǹkan bí 2,450 ọdún sẹ́yìn, ìgbà ọdún òrìṣà Dionysus ni wọ́n máa ń ṣe eré wọ̀nyí ní gbangba, ní ẹsẹ̀ òkè Acropolis. Àwọn òṣèré a fi ìbòjú bojú, ẹgbẹ́ akọrin a sì máa kọrin, wọn a máa jó. Ẹni tí ó bá ti wo egúngún rí kò ní ṣe àjèjì sí èyí. Sophocles kọ eré tí ó ju 120 lọ. 7 péré ni ó kù lódindi.

Lónìí, ẹni tí ó ní fóònù lè ka gbogbo 7 náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi méjì ni kí a kọ́kọ́ yà sí.

Èkíní ni ilé-ìkàwé Perseus, ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni èdè Gíríìkì àti ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Bí a bá sì tẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, a ó rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìtumọ̀ Jebb tí ó wà níbẹ̀ ti pẹ́ ju 100 ọdún lọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le. Kí a wá ìtumọ̀ titun kan tì í.

Èkejì ni àkójọ APGRD ní Oxford, tí a dá sílẹ̀ ní 1996. Ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí a ti ṣe eré Gíríìkì ní ayé òde òní, àti ẹni tí ó ṣe é.

Bí dátà bá wọ́n, kí àwa mẹ́rin tàbí márùn-ún pa owó pọ̀, kí a tẹ ìtumọ̀ àtijọ́ náà sórí ìwé ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìwé Ola Rotimi, The Gods Are Not to Blame, rírà ni kí a rà á, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì tán.

Ìwé méjèèjì ni kí a kà pọ̀. Nínú ti Sophocles, wọ́n ti Oedipus kúrò lójú ọ̀nà ní oríta mẹ́ta, arúgbó kan sì lù ú lórí. Ó pa arúgbó náà, kò mọ̀ pé baba òun ni. Nínú ti Rotimi, Ọdẹ́wálé pa baba rẹ̀ nítorí pé ó kẹ́gàn ẹ̀yà rẹ̀. Ní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Ifẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ka ìwé kan ṣoṣo kò lè rí ohun tí Rotimi yí padà, kò sì lè gbọ́ ìkìlọ̀ tí ó fi ṣe fún wa.

Ìbéèrè fún ìdánrawò:
1. Kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin nínú eré Sophocles? Ta ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ti Rotimi?
2. Bí àwọn òrìṣà kò bá jẹ̀bi, ta ni ó jẹ̀bi? Fi ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
3. Ka ìpàdé oríta mẹ́ta sókè pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ, nítorí eré ni a kọ ọ́ fún.