Gáàsì fún Ìtọ́jú Àgbàdo àti Ẹ̀wà Nínú Àká: Yíyàn Rẹ̀ àti Ìṣàkóso Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Èjìgbò, Másífá, Ìlawó àti agbègbè wọn, ẹni tí ó bá lè pa àgbàdo rẹ̀ mọ́ di ìgbà ọ̀wọ́n ni ó ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í sábà jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ kan a máa háyà ẹ̀rọ tí ń fi iná sọ oògùn di kúrukùru, kí wọ́n fi fín inú ilé tí wọ́n kó irè sí. Kúrukùru yìí a máa pa kòkòrò tí ń fò àti èyí tí ó wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú hóró, níbi tí ọmọ kòkòrò ti ń jẹun. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń da dichlorvos sínú ẹ̀wà. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn yìí tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀wà kan náà ni àwa àti àwọn ọmọ wa ń jẹ nílé.

Ọ̀nà mìíràn wà, èyíinì ni pé kí a gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, bí ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn, bí ìdá 21 sì ni ọ́síjìn. Bí a bá lé ọ́síjìn jáde fún ọjọ́ tí ó tó, kòkòrò àti ọmọ rẹ̀ yóò kú, májèlé kankan kò sì ní kù lára oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NSPRI tí ó wà ní Ìlọrin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1948, ti ṣe àká tí ń lo náítírójìn fún iṣẹ́ yìí.

Àgbẹ̀ tí ó ní àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò nílò láti ra gáàsì. Kí ó ra àpò onípele mẹ́ta tí à ń pè ní PICS, kí ó dì í pinpin; àwọn kòkòrò fúnra wọn ni yóò mí ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní àká irin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Irè tí ẹ ó kó sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ àti ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ mì ín. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo kò tíì gbẹ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí gáàsì, ẹ dán àká wò ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú un gbóná. Ẹ tẹ rọ́bà tín-ín-rín tí ó mọ́ gaara bí lẹ́tà U, ẹ bu omi sí i, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ àká. Ẹ fa atẹ́gùn sínú àká títí omi apá kan yóò fi ga ju èkejì lọ ní mìlímítà 25, kí ẹ wá pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí ìyàtọ̀ náà bá dín sí ìdajì kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, àká ń jò. Ẹ fi omi ọṣẹ wá ojú ibi tí ó ń jò, kí ẹ dí i. Gáàsì tí a fi sínú àká tí ń jò, owó dànù ni.

Gáàsì méjì ni a lè yàn. Náítírójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Ó gbọ́dọ̀ lé ọ́síjìn títí yóò fi dín sí ìdá 2 nínú 100, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jíjò díẹ̀ ti tó láti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èkejì ni CO2, gáàsì tí ń hó nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ó wúwo tó ìlọ́po kan àbọ̀ afẹ́fẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ àká ni a ti ń fi í wọlé, kí afẹ́fẹ́ gba òkè jáde. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 70, tí kò sì lọ sílẹ̀ ju ìdá 35 lọ fún ọjọ́ 15, ó tó. Bí àká bá kún, bíi kílò méjì ni kí ẹ ṣírò fún tọ́ọ̀nù àgbàdo kan. Fún ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, CO2 ni èmi yóò yàn. Ẹ má ṣe gba ọ́síjìn tàbí gáàsì tí ń jó lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà, ẹ má sì fi èéfín jẹnẹrétọ̀ dípò.

Ipá tí ó wà nínú sílíńdà pọ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe so rọ́bà mọ́ ọn láìsí rẹ́gúlétọ̀ tí a ṣe fún irú gáàsì náà gan-an. Ẹ rọra ṣí i. Bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó, ẹ dín in kù. Ihò òkè àká gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí gáàsì ń wọlé, kí àká má bàa bẹ́. Bí a ti ń lo náítírójìn ni ọwọ́ aago sílíńdà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ti CO2 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Aago lè dúró sójú kan nígbà tí sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbé e lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni aago yìí ti tàn jẹ.

Gáàsì tí ń pa kòkòrò lè pa ènìyàn pẹ̀lú. A kì í fojú rí i, kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fúnni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú àká, kódà kí ó kàn fẹ́ yọ orí wò ó. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ ṣí òkè àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ gbà á kọjá, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ sí i láti gbé e; bí ẹni kejì àti ẹni kẹta ṣe ń kú sínú kànga náà nìyẹn. Ìta ni kí ẹ ti fi okùn fà á, bí ó bá ti so okùn mọ́ra tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ké sí àwọn panápaná. Láti ọjọ́ tí gáàsì bá ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ àká gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀.