Àyè Ọmọ Tí Kò Lè Jókòó Jẹ́ẹ́

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí àlùfáà bá gbé ọmọ sókè, tí ìjọ sì ṣe "Àmín" kíkankíkan. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́yìn náà, bí ọmọ yẹn kò bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ju apá fìrìfìrì, tó ń di etí bí ìlù bá ti dún, igba ojú ṣì ń wò ó lóòótọ́, àmọ́ ìwòkuwò ni. Òwe mìíràn ni ìjọ wá ń pa lábẹ́ ahọ́n: ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ìyá kan bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí, kò sọ àpò kalẹ̀ léjìká, nítorí ó mọ̀ pé òun lè dìde nígbàkigbà. Gángan bú, sípíkà ké, ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó figbe ta. Àwọn ará iwájú yíjú padà. Ọ́ṣà kan rìn wá, kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn nawọ́ sí ìta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ilé ni ìyá náà yóò máa jókòó sí. Ọkọ á máa dá kó àwọn ọmọ yòókù wá, àwa á sì máa sọ pé ìgbàgbọ́ obìnrin náà ti tutù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn ọmọ 11 tó ń ṣe bí ọmọ yìí, ohun tí wọ́n ń pè ní autism lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé ìyá tí kò fìfẹ́ hàn sọ́mọ ló ń fà á. Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ló kọ ìwé ní 1964 láti ta ko ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹmẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, tàbí ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ òbí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ẹ̀ṣẹ̀ ta ló fà á tí ọkùnrin inú Jòhánù orí 9 fi fọ́jú, Jésù sì ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ òbí rẹ̀ náà kọ́. Ẹ gbàdúrà fún ọmọ náà, ó dára. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀wọ̀n dè é, ẹ má nà án, ẹ má febi pa á lórúkọ ààwẹ̀, ẹ má sì sọ pé kí wọ́n dá oògùn dúró. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tún ní wárápá. Dídá oògùn wárápá dúró lójijì lè pa ọmọ.

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ọmọ yìí ò tiẹ̀ burú. Ariwo tó dùn mọ́ wa ló ń ro ó lára. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ sọ ọ́, kó dín ohùn kù díẹ̀. Ẹ wá ìjókòó fún ìdílé náà níbi tó jìnnà sí sípíkà. Bí yàrá kan bá wà tí à ń kó aṣọ akọrin sí, ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹ gbé fáànù síbẹ̀, kí ọmọ lè lọ sinmi níbẹ̀, kó sì tún padà wọlé. Kì í ṣe ibi tí a ó tì í mọ́ títí di ìgbà oore-ọ̀fẹ́ o.

Ohun tó tún ń da irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàmú ni pé kò mọ ohun tó kàn. Kí olùkọ́ àwọn ọmọdé ya àwòrán sórí páálí: orin, àdúrà, Bíbélì kíkà, ọrẹ, ìwàásù, oore-ọ̀fẹ́. Kí ọmọ máa fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há àwòrán ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, kó máa sún un síwájú. Bó bá rí i pé ó ku méjì péré, á lè mú sùúrù. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ètò mìíràn kún un láìsọ.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ọmọ tí kò lè jókòó gbọ́ ìwàásù lè máa to ìwé orin sórí àga, kó máa gba àpò ọrẹ kiri pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọ́ṣà ní tirẹ̀, kó má fà á lápá láti ẹ̀yìn. Kó súnmọ́ ìyá rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́: "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kí la lè ṣe tó máa rọrùn fún un?" Ohun tí ìyá náà bá sọ ni kó ṣe.

Ẹ lọ wá àwọn tó ti jókòó sílé kàn. Ẹ má kó ẹgbẹ́ aládùúrà méje àti ìgò òróró lọ. Ẹni méjì tí wọ́n mọ̀ dáadáa ti tó. Ẹ bi wọ́n pé apá wo nínú ìsìn ló ń le fún ọmọ náà jù. Ẹ ní kí wọ́n mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dá páro, kó mọ ibi tí ilẹ̀kùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kẹ́ ẹ sì fi àyè wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ọ́ṣà má fi ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀, kódà bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tíì dé.