Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Òwe òkè yìí, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Warri níbí ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ní alùpùpù àtijọ́ kan, ó fẹ́ fi sáré ìje. Ó lọ ra kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu fífẹ̀. Bó bá ti fún un níná lójijì, ẹ̀rọ á wúkọ́, á sì kú. Kí ló fà á?

Afẹ́fẹ́ tó ń gba ọ̀fun kábúrétọ̀ kọjá ló ń fa epo. Bí ọ̀fun bá mọ níwọ̀n, afẹ́fẹ́ á yára, á fa epo dáadáa. Bó bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò ní lágbára, àfi tí ẹ̀rọ bá ń yí kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀, mítà 402 péré ni eré ìje drag, láti orí ìdúró. Ẹni tó wúkọ́ níbẹ̀rẹ̀ ti pàdánù nìyẹn.

Ẹ wo Honda CB750 ti ọdún 1969: ẹ̀rọ 736 cc, kábúrétọ̀ mẹ́rin, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 28. Keihin CR tí àwọn asáréje kan ń fi rọ́pò rẹ̀, 29 ni! Mìlímítà kan péré ló fi jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò. Bó dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bó funfun, epo kéré, písítìn lè jó. Bó bá rí bí èèpo ẹ̀pà, ó ti tó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dá kábúrétọ̀ àkọ́kọ́ padà sórí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ wá òwe méjì mìíràn tó dá lórí ìwọ̀n.