Ìtumọ̀ Ìlànà Lílo Ìpara fún Jẹ̀díjẹ̀dí àti fún Awọ Ara tí ó Bó: Àpẹẹrẹ láti Òrè àti Odígbó

Òrè, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí Benin àti sí ìhà ìlà-oòrùn ti máa ń dúró. Awakọ̀ a sọ̀kalẹ̀, a jẹun, a sì tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nínú oko tí ó yí ìlú náà àti Odígbó ká ni àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti ọlọ́pẹ wà, àwọn tí àdá ń bó lọ́wọ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì ń sán. Àti awakọ̀ àti àgbẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì láti ra ìpara. Èdè Òyìnbó ni a fi kọ ìlànà tí ó wà nínú páálí ìpara náà, ẹni tí kò gbọ́ ọ ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń rà á. Iṣẹ́ ògbufọ̀ níhìn-ín kọjá kí gbólóhùn gún régé: ọ̀rọ̀ tí ó bá yàn ni yóò sọ ibi tí ọwọ́ aláìsàn yóò fi ìpara náà sí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni orúkọ àrùn náà. Ìṣẹ̀dá jẹ̀díjẹ̀dí kò fara sin. Jẹ àti ìdí ni a so pọ̀, fáwẹ̀lì ìdí pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣe ìlérí ti di ṣèlérí. Lẹ́yìn èyí ni a ṣe àpètúnpè kíkún fún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó ṣòro. Ẹnì kan a pe ẹran tí ó wú tí ó sì yọ síta nígbà tí ó ń yàgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹlòmíràn a pe inú rírun tòun ti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn ríro àti àìlágbára ọkùnrin ni ó ní lọ́kàn, àdídùn ni yóò sì dá lẹ́bi. Agbo jẹ̀dí tí à ń tà nínú ìgò ní àwọn ibùdókọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo àrùn wọ̀nyí ni olùtà rẹ̀ ń pè pọ̀ nígbà tí ó bá ń polówó.

Àrùn tí ìpara inú páálí wà fún kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí ihò ìdí ká ni ó wú, nítorí ìgbẹ́ líle, fífi agbára yàgbẹ́, jíjókòó pẹ́ nílé ìgbẹ́, tàbí oyún. Bí ògbufọ̀ bá kọ jẹ̀díjẹ̀dí lásán, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro yóò fi ìpara ra ìbàdí. Èyí kò burú púpọ̀. Owó rẹ̀ ni ó ṣòfò. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí nítorí jẹjẹrẹ inú ìfun ni ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe ní ibi, nítorí pé yóò máa fi ìpara pa ara nígbà tí àrùn ń gbilẹ̀ nínú.

Kí a wá sẹ̀dá orúkọ tuntun pátápátá? Àwọn kan yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí aláìsàn kò gbọ́ rí kò ní jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ni ìwé náà ń bá wí. Ó sàn kí a di orúkọ tí ó ti mọ̀ mú, kí a sì fi ẹ̀yán há a mọ́: jẹ̀díjẹ̀dí oníkókó. Èyí tí ó wà nínú ni kókó inú, èyí tí a lè fi ọwọ́ kàn níta ni kókó òde. Ìdí yíyọ, nínú èyí tí ìfun fúnra rẹ̀ ń yọ síta, àrùn mìíràn ni. Etí ihò ìdí tí ó ya náà, àrùn mìíràn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa dunni kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò kan ti ìṣègùn. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀, pé kí a máa fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú tàbí kí a máa fi àpèjúwe kún un, ṣeé tọ̀ níhìn-ín.

Ìtìjú ni ó ń da ọ̀rọ̀ kejì rú. Fùrọ̀ ni orúkọ ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó le létí, nítorí náà ni àwọn ògbufọ̀ fi ń sá lọ sọ́dọ̀ ìdí. Ìdí kò sì dúró lójú kan: ibi tí a fi ń jókòó ni, ìsàlẹ̀ nǹkan ni, ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà ni pẹ̀lú. Ẹni tí a bá ní kí ó fi ìpara pa ìdí, yóò pa gbogbo ibi tí ó fi ń jókòó, yóò sì lo ìdajì ike lọ́jọ́ kan. Ojú ihò ìdí kò ti ẹnikẹ́ni lójú, kò sì ṣini lọ́nà.

Fún ìlò ìta nìkan tún wà níbẹ̀, gbólóhùn tí à ń rí lára oògùn lóríṣiríṣi. Ní Òrè, bí i níbi gbogbo, ìta ni òde ilé. Ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn yìí lè rò pé kí òun má ṣe lò ó nínú iyàrá! Ohun tí a fẹ́ wí ni pé awọ ara ni kí a fi pa, kí a má gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù ni ti awọ tí Òyìnbó sọ pé ó fọ́. Ìkòkò ni ó ń fọ́ ní Yorùbá, ẹyin ni ó ń fọ́. Awọ ara kì í fọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ a máa sán. Orúnkún a máa bó bí ènìyàn bá ṣubú. Àdá a máa dá ọgbẹ́ síni lára, ọgbẹ́ tí a kò tọ́jú a sì di egbò. Gbólóhùn tí ó bá sọ pé kí a má ṣe fi ìpara sí awọ tí ó fọ́ kò dẹ́rù ba àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bó, nítorí pé kò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí. Ó sì yẹ kí ẹ̀rù bà á. Hydrocortisone wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìpara wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì ni. Ní 1952 ni Sulzberger àti Witten jábọ̀ ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi pa awọ tí àrùn ń yún, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ náà ni ewu rẹ̀: ó ń mú kí ara wíwú àti yíyún lọ sílẹ̀ nípa dídín agbára tí ara fi ń jà kù. Lójú egbò, agbára yẹn ni ara nílò láti lé kòkòrò àrùn àti láti san. Oògùn sì máa ń gba ojú awọ tí ó bó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti ń gba awọ líle wọ̀ ọ́ lọ. Bákan náà ni lidocaine, tí ń mú ojú ibẹ̀ kú tipiri. Bí a bá fi sítẹ́rọ́ìdì pa lápálápá, yíyún rẹ̀ yóò rọlẹ̀, pípọ́n rẹ̀ yóò lọ, kòkòrò tí ó fà á yóò sì máa tàn kálẹ̀. Nítorí náà kí ògbufọ̀ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: awọ tí ó bó, awọ tí ó sán tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́, egbò, lápálápá. Gbólóhùn náà yóò gùn. Kí ó gùn.

Ti ìwọ̀n àti ọjọ́ kù. Long àti Finlay ṣàlàyé ìwọ̀n kan ní 1991: ìpara tí a tẹ̀ láti ṣóńṣó ìka tí ó tẹ̀lé àtàńpàkò títí dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù, tó láti pa ibi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìwọ̀n orí-ìka ni ó yẹ kí a máa pè é. Ní ti ọ̀sẹ̀ kan, àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀sẹ̀ àtijọ́ lè máà ka ọjọ́ méje sí i. Yorùbá a sì máa ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: ọjà ọrọọrún ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ní ìṣirò Òyìnbó ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń ná an. Dídárúkọ ọjọ́ ni ó lè yanjú èyí.

Ìpara àti ìkunra ṣeé yà sọ́tọ̀, èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀rá. Ìpara olóògùn kò dára, nítorí pé ọkàn olùgbọ́ lè lọ sọ́dọ̀ òògùn ìbílẹ̀. Ìpara ìwòsàn sàn jù. Orúkọ oògùn inú rẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà lára páálí, kí ẹni tí ó mọ lẹ́tà lè fi ojú wá a, kí ó sì tún wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1993.

Kí a tó tẹ ìwé irú èyí jáde, ó yẹ kí a kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀wé, kí a sì bi í ní ibi tí yóò fi ìpara náà sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí, ẹ ni a sì lò nínú rẹ̀ nítorí pé àgbà lè wà nínú àwọn tí yóò gbọ́ ọ:

Ìpara ìwòsàn yìí wà fún jẹ̀díjẹ̀dí oníkókó. Ẹ má ṣe gbé e mì, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ẹyinjú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yàgbẹ́, ẹ fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ojú ihò ìdí, kí ẹ rọra fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe fi agbára nù ún. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ mú ìpara tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kí ẹ fi pa ojú ihò ìdí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ẹ tún ọwọ́ fọ̀. Ẹ má ṣe fi í sí awọ tí ó bó, awọ tí ó sán tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́, egbò tàbí lápálápá, ẹ má sì fi pa ojú láti bóra. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e ni kí ẹ lò ó mọ. Bí ó bá jẹ́ aboyún tàbí ọmọdé ni yóò lò ó, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí ìgbẹ́ bá dúdú, bí inú bá ń run yín tàbí tí ẹ bá ń rù, ẹ pa ìpara tì, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.