Ẹ Má Jókòó sí Ojú Fèrèsé

 Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni a fẹ́ kà lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní òkè òkun. Bí ọmọ ẹni bá bímọ níbẹ̀, yóò ránṣẹ́ pe ìyá kí ó wá wẹ ọmọ, tàbí kí ó wá bá wọn mójú tó o. Bàbá náà a máa lọ nígbà mìíràn. A ó ra súwẹ́tà, a ó di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, gbogbo ilé yóò sì sìn wá sọ́nà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ fún wa bí a ó ti gbé ibẹ̀ nígbà tí a bá dé?

Ìyá kan wà nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa, oníṣòwò epo pupa ni. Kí ó tó wá bá wa, ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti lo oṣù mẹ́ta ní àdúgbò Peckham lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ kìíní tí ó wọ kíláàsì, a bi í pé, “Màmá, Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Kí ni ẹ rí níbẹ̀?”

“Tísà,” ni ó wí, “fèrèsé ni mo rí.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ó ní aago méje òwúrọ̀ ni ọmọ òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ yóò sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Oṣù Kejìlá ni. Ní oṣù yẹn, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. “Màmá, ẹ má jáde o, ẹ óò sọnù.” Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn kí wọ́n tó pa ilẹ̀kùn dé. Ó wá jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn, ó ń ka bọ́ọ̀sì pupa tí ń kọjá. Ọkùnrin kan ń gbé ní òdìkejì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn lójú fèrèsé, ọkùnrin náà kò kí i rí. Ẹni tí ó máa ń kí ogún ènìyàn kí ó tó dé ẹnu ọjà ní ilé!

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ń sùn, ìyá yìí ní kí òun gbé ìdọ̀tí síta. Atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn pa dé. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ń ti ara rẹ̀ pa ni. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lọ́wọ́ ẹni, ìta ni onítọ̀hún wà. Ọmọ wà nínú ilé, ìyá àgbà wà níta pẹ̀lú ìró àti bùbá nìkan, òtútù ń gbọ̀n ọ́n. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wá ènìyàn. Nígbà tí ó fi máa rí obìnrin kan tí ó gbọ́ Yorùbá, obìnrin náà bi í pé, “Màmá, nọ́ńbà mélòó ni ilé yín?” Kò mọ̀ ọ́n. Ṣé àjà kejì ni, àbí ìkẹta? Kò mọ ìyẹn náà. Ilẹ̀kùn gbogbo rí bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó wò ó. Ẹkún ọmọ ni wọ́n fi mọ ilẹ̀kùn náà nígbẹ̀yìn. Wọ́n pe ẹni tí ń tọ́jú ilé, òun ni ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí i. Láti ọjọ́ náà títí ìyá yìí fi padà sí Ọ̀wọ̀, kò súnmọ́ ilẹ̀kùn mọ́.

Nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, kò sí ohun tí a lè wí. Àwa ni a fi ọ̀pá ìtọ́ka kọ́ àwọn ọmọ yín ní A, B, D. A kọ́ ọmọ tán, ọmọ dé Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan ná. Àwọn kan nínú yín ń sọ pé, “Yorùbá ni mo kọ́ kà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ káàkiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, kí ni ó kàn mí níbẹ̀?” Ó kàn yín. Lẹ́tà wa jẹ́ 25, tiwọn jẹ́ 26. Márùn-ún péré ni ẹ kò tíì bá pàdé nínú ìwé Yorùbá, àwọn náà ni C, Q, V, X àti Z. Ẹ lè kọ́ márààrún ní alẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, kò di dandan kí ẹ gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá a mọ̀. Bí ọmọ yín bá kọ PECKHAM sórí bébà fún yín, ẹ óò fi bébà náà wé ohun tí ó wà lójú pátákó, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ ti dé àdúgbò nìyẹn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. WAY OUT ni ọ̀nà àbájáde. EXIT náà, ohun kan náà ni. PUSH ní kí a ti ilẹ̀kùn, PULL ní kí a fà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ti dúró tí ó ń ti ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó fà, tí àwọn ọmọdé sì ń wò ó. LOOK RIGHT ńkọ́? Wọ́n máa ń fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sójú títì gan-an, níbi tí ènìyàn yóò ti sọdá. Ó ní kí a wo ọ̀tún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Ìlú Ọba, ọwọ́ ọ̀tún sì ni tiwa. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí pé ọwọ́ òsì ni àwa náà ń tọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i padà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo òsì bí a ti ń ṣe nílé, apá ibi tí kò wò ni ọkọ̀ yóò ti yọ sí i.

Inú odò ni a ti ń kọ́ ìwẹ̀. Nítorí náà a kó kíláàsì Ọ̀wọ̀ àti ti Ìfọ́n jọ, a lọ wòran fún ọjọ́ kan. A kò lọ jìnnà. Míúsíọ̀mù Ọ̀wọ̀, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọlọ́wọ̀, ni a lọ. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá sọ iye ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kò wọ ibẹ̀ rí, ojú yóò tì wá. Àwọn ará Ìfọ́n ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Kí olúkúlùkù tó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ó gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ ìlú tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá bi dẹ́rẹ́bà léèrè kí ó tó kà á, a dá a padà sẹ́yìn.

A wo ààfin náà pẹ̀lú àwọn ugha rẹ̀, ààfin tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2000 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. A sọ fún wọn nípa ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo, tí ó wa ilẹ̀ ní Igbó’Lájà ní Ọ̀wọ̀ níbí láti 1969 dé 1971, tí ó sì rí àwọn ère alámọ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún. A tún sọ fún wọn pé àwọn baba wa ní Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú fífín eyín erin, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lónìí ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní New York náà.

Ìyá elépo dá wa dúró. “Tísà, ṣé ohun tiwa wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi ń wo fèrèsé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ó dáa. Màá lọ kí wọn.”

Ó sì lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún ránṣẹ́ pè é, oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, tí aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Ọ̀wọ̀ sì ń bára mu. Kó tó kúrò nílé, ó ti fúnra rẹ̀ ka ọjọ́ tí ó wà nínú físà rẹ̀. Físà àbẹ̀wò kì í sábà gbà kí ènìyàn dúró ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbà kí a ṣe iṣẹ́ owó rárá. Ẹ kíyè sí ìyẹn, nítorí àwọn kan yóò wá fi owó bẹ̀ yín pé kí ẹ máa bá àwọn mójú tó ọmọ.

Kò fi ìkánjú ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìpẹ̀kun òpópónà ni ó ń dé tí ó ń padà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ó so mọ́ ọrùn àti bébà àdírẹ́sì nínú àpò. Lẹ́yìn náà ó dé ọjà Rye Lane. Ó rí iṣu níbẹ̀, ó rí ata, ó tilẹ̀ ná ọjà ní Yorùbá. Láàárín oṣù kan, ó ti ní ọ̀rẹ́, ìyá kan láti Ìdóàní tí òun náà wá tọ́jú ọmọ-ọmọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ọmọ wà nílé, àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì 12.

Káàdì ni wọ́n fi san owó ọkọ̀, nítorí láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Wọ́n gun òkè ọkọ̀, wọ́n jókòó síwájú. Wọ́n kọjá lórí odò Thames, wọ́n rí ilé aṣòfin àti aago gogoro tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Trafalgar Square, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn dé míúsíọ̀mù náà. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Láti ọdún 1759 ni ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn.

Nísàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n kó ohun ilẹ̀ Áfíríkà sí. Ó ní òun ń wo àwọn idẹ tí wọ́n fín ènìyàn sí lára, kò sí ẹni tí ó bá òun sọ nǹkan, òun sì rí B, E, N, I, N lára bébà kékeré ẹ̀gbẹ́ wọn. Òun kà á jáde. Ìbínì! Ìbínì tí a ń gba Ìfọ́n lọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó àwọn idẹ wọ̀nyẹn ní ọdún 1897. Ó ní òun dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dun òun, òun kò mọ̀ bóyá kí òun dunnú tàbí kí òun bínú. Àwa náà kò mọ èyí tí à bá sọ fún un.

Eyín erin Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Kò rí i ní ọjọ́ náà. Ó kọ OWO sórí bébà, ó fi han ẹ̀ṣọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ mi orí. Ohun tí ilé náà kó jọ tó mílíọ̀nù mẹ́jọ, wọn kò sì lè pàtẹ ju bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń padà ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì 12 kan dé, ìyá Ìdóàní ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Ìyá elépo fà á láṣọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà kan náà ni ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ ní. Orúkọ iwájú ọkọ̀ ni ó yàtọ̀. OXFORD CIRCUS ni ti eléyìí, bẹ́ẹ̀ DULWICH LIBRARY ni ọmọ rẹ̀ kọ fún un. “D ni tiwa,” ni ó wí, “O nìyí.” Wọ́n sọdá sí òdìkejì títì, wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wọ́n sì dúró de D.

Ní kíláàsì tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú bébà kan wá tí ó kọ orúkọ òpópónà rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní nọ́ńbà, kí ó kọ orúkọ ilé ńlá tí ó súnmọ́ ọn jù. A ó pààrọ̀ bébà láàárín ara wa, a ó sì fi wọ́n wá ilé ara wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá elépo ni yóò ṣíwájú.