Àkànbí, Tún Lẹ́tà Yẹn Kọ

Àkànbí, o ti dé? Má fi ìdọ̀bálẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́, dìde, fa àpótí yẹn súnmọ́bí kó o jókòó. Bébà ọwọ́ rẹ yẹn, mo ti gbúròó rẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ lo ti ń gbé e kiri àdúgbò kí gbogbo ayé lè fọwọ́ sí i, pé ẹ fẹ́ lọ bá alága káńsù lórí ọ̀rọ̀ títì wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ìbínú rẹ ti kúrò lórí fóònù, ó ti dé orí bébà. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, wàá gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́, orí náà ló sì ń wọ́ síbẹ̀.

Kà á sí mi létí. Gbóhùn sókè, mi ò mú jígí mi dání.

Ẹ ní kí káńsù Ọ̀fà wá tún ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ṣe? Dúró níbẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé káńsù ló ni ọ̀nà yẹn? Èyí tó ti Àjàṣẹ́-Ìpo wọ ìlú wa, tó gba Ẹ̀rìn-Ilé lọ títí dé ẹnu ààlà Ọ̀ṣun, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Tí kòtò bá wà níbẹ̀, FERMA ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Àwọn wọ̀nyẹn ti wà láti 2002 nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. KWARMA, tó wà ní Ìlọrin, ló ń tọ́jú wọn. Èyí tó kù, òpópónà inú ìlú, ojú ọ̀nà tó lọ sí oko àti ọjà, gọ́tà, iná òpópónà, gáréèjì, òun ni ti káńsù. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ó wà nínú ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé. Kódà, káńsù ni òfin ní kó máa sọ òpópónà lórúkọ, kó sì máa fi nọ́ńbà sára ilé. Ní tiwa, tí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn lóru tí wọ́n béèrè ibi tí ilé wà, "ilé tó kọjú sí ìyá ẹlẹ́kọ" la ń wí. Ìyá ẹlẹ́kọ ti kó lọ. Kọ ìyẹn náà sí lẹ́tà.

Má rò pé ohun kékeré ló kù sí káńsù lọ́wọ́. Nínú nǹkan bí 200,000 kìlómítà ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wà lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ló ni èyí tó pọ̀ jù, owó ọwọ́ wọn ló sì kéré jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi pàtẹ́wọ́ nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní July 11, 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má dì í mú. Ní September 21 ọdún yẹn kan náà ni a dìbò káńsù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara. Sátidé ni. Níbo lo wà? Má dáhùn, mo mọ̀. Ìdí tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù lo wà, ò ń pariwo lé ọmọ òyìnbó tí kò mọ̀ ẹ́ rí lórí. Kánsẹ́lọ̀ tó wọlé ní wọ́ọ̀dù wa, ǹjẹ́ o mọ orúkọ rẹ̀? Ó dáa, o mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal.

Jẹ́ ká fi ti òṣèlú sílẹ̀. Èyí tó ń dùn mí gan-an kò sí nínú lẹ́tà rẹ rárá. Ẹ béèrè ọ̀dà, ẹ béèrè katakata, ẹ béèrè rólà. Gọ́tà ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

O mọ̀ pé PWD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe títì fún ìjọba, ni bàbá wa ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá mú wa rìn lọ sọ́jà, títì ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ènìyàn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé ọkọ̀ kọ́ ló ń pa títì, omi ni. Ọ̀dà dúdú tí ẹ ń rí lókè yẹn kò nípọn tó bí ẹ ṣe rò. Yangí àti òkúta tí wọ́n fi rólà tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Níwọ̀n ìgbà tí yangí yẹn bá gbẹ, kí tírélà máa kọjá lọ. Ọjọ́ tí omi bá ráyè wọ ibẹ̀, ó di ẹrẹ̀. Taya á máa tẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ á máa tú jáde, ọ̀dà òkè á sán, á sì wó sínú. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní kòtò nìyẹn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mọ títì bí ẹ̀yìn ahun, kí àárín rẹ̀ ga, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn sínú gọ́tà kíákíá. Tí gọ́tà bá wá dí, níbo lo fẹ́ kí omi náà sùn mọ́jú?

Ó yá, jẹ́ ká bára wa wí. Ta ló da kọnkéré bo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ láti igun dé igun, tí kò fi ojúhò kankan sílẹ̀ tí ẹnìkan lè ti ọwọ́ bọ̀ kó idọ̀tí jáde? Ta ló ń ta omi inú ọ̀rá, tí ọ̀rá òfìfo ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ lọ sínú gọ́tà bí òjò bá ti ṣú? Nígbà tẹ́ ẹ fa páìpù omi wọlé yín, ẹ gé títì ní ìbú, ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ padà sí i, ó tán. Ojú ibi tí ẹ gé gan-an ni kòtò ńlá wà lónìí, lọ wò ó. Ní ọjọ́ ìkómọ ọmọ rẹ, tí mo jó títí tí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mo rí àwọn oníkánópì tí wọ́n ń fi òòlù gbá irin wọnú títì. Irin náà lọ ní ọjọ́ kejì, ihò rẹ̀ dúró de òjò. Mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ náà ń da dísù àti ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ lójú títì. Inú epo rọ̀bì kan náà ni ọ̀dà ti jáde, dísù á yọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ò dà á síbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni taya tẹ́ ẹ jó lójú títì nígbà tí ẹgbẹ́ yín gba ife. Bó o bá kó gbogbo ìyẹn jọ, kí lo wá fẹ́ kí alága ṣe?

Láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọge, wolé-wolé á ti dé ilé yín. Wọ́n á wo àmù, wọ́n á wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wo gọ́tà, ìwé sàmáǹsì ló kàn. Nígbà Buhari àti Ìdíàgbọn, ẹni tí wọ́n bá rí pẹ̀lú gọ́tà dídí lọ́jọ́ ìmọ́tótó kò ní fẹ́ kí wọ́n tún rí òun mọ́. Mi ò ní kí sójà padà wá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo kàn ní kí káńsù rán wolé-wolé jáde padà, kẹ́ ẹ sì kọ ìyẹn sí lẹ́tà, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti ilé rẹ bẹ̀rẹ̀.

Kòtò tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Mo rí fọ́tò rẹ̀, gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti iyẹ̀pẹ̀ lẹ rọ́ sínú omi. Òjò méjì ló gbá a lọ, búlọ́ọ̀kù wá kù síbẹ̀, ó ń fọ́ taya. Àwọn PWD, ńṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò náà tóbi sí i. Wọ́n á gé etí rẹ̀ ní igun mẹ́rin títí wọ́n á fi kan ibi tó le, wọ́n á kó ẹrẹ̀ àti omi kúrò, wọ́n á da òkúta àti yangí gbígbẹ sí i, wọ́n á gún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ́n ọ̀dà ṣíṣàn sí etí rẹ̀ kí tuntun lè mọ́ ògbólógbòó lára, kí wọ́n tó wá da ọ̀dà gbígbóná lé e, kí rólà sì gùn ún. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ wa níbí gbẹ, ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ má lọ bẹ kọngílá kankan pé kó wá da ọ̀dà nínú òjò oṣù Kẹsàn-án. Tó bá gbà, kẹ́rù bà yín.

Búǹpù tí ẹ mọ sójú títì yẹn wá kù. Má bojú wolẹ̀. Mo mọ̀ pé nítorí àwọn ọmọ iléèwé lẹ ṣe mọ ọ́n, àánú yín sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ́n bí ògiri. Kò ní ọ̀dà funfun, kò ní àmì kankan níwájú, iná òpópónà kò sí níbẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá sáré dé ibẹ̀ lóru kò ní mọ̀ pé ẹ mọ nǹkan síbẹ̀ títí á fi wà nínú afẹ́fẹ́. Búǹpù tó dáa máa ń fẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀, ọkọ̀ á rọra gùn ún, á rọra sọ̀. Káńsù ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i, torí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sọ́sípítù náà yóò kọjá lórí rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà náà ń pè fún ìbáwí. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀kadà kan, láìsí akoto lórí ẹnì kankan, eré tí kò ní orúkọ. Òfin ìrìnnà ní kí ọ̀kadà àti mọ́tò kékeré má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú. Wọ́n á ní akoto ń ba irun jẹ́! Ṣé àṣà tuntun wá le tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ni? Ní April 2, 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dẹ́rẹ́bà tí kò mọ̀wé tó fi ogún ọdún wa ọkọ̀ lápá òsì kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí Pólì, ẹ ò lè de okùn akoto mọ́ àgbọ̀n. Wọlé Ṣóyínká tí ẹ mọ̀ mọ ìwé yẹn, kó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 ló ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ààbò ojú títì yìí. Ifẹ̀ ló ti ń ṣe olùkọ́ nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ibẹ̀ ni Road Safety ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti jáde ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Road Safety tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni o, ó sì ń dúró lójú títì nínú oòrùn.

Kí n má gbàgbé ọ̀nà oko. Gbogbo ayé mọ̀ pé ànàmọ́ ni tiwa l'Ọ́fà. Bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́, owó ọkọ̀ ló máa gun ànàmọ́ lórí kó tó dé Ọjà Òwòdé, ìwọ tó o ń jẹ ẹ́ lo máa san án. Ètò kan tó ń jẹ́ RAAMP wà fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, owó Bánkì Àgbáyé àti ti Faransé ló wà nídìí rẹ̀, Kwara sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹ bi káńsù léèrè èwo nínú ọ̀nà oko wa ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe èébú.

Nítorí náà, ya bébà yẹn. Méjì ni kó o kọ. Ti Àjàṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ FERMA. Ti inú ìlú lọ sọ́dọ̀ káńsù, kí ẹ̀dà kan dé ọwọ́ kánsẹ́lọ̀ wa, kí ẹ̀dà kan sì gba ọwọ́ olóyè àdúgbò dé ààfin Ọlọ́fà. Dárúkọ òpópónà, sọ ibi tí kòtò wà gan-an, fi fọ́tò àti ọjọ́ tó o yà á sí i. Gọ́tà ni kó ṣíwájú, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà búǹpù tó bófin mu, kí ọ̀dà tó tẹ̀ lé e. Sọ fún wọn pé àdúgbò á máa kó gọ́tà fúnra rẹ̀. Tó o bá kọ ìyẹn, wọn ò ní rí nǹkan fi lé ẹ jáde.

Màá fọwọ́ sí i, kí ló dé tí mi ò ní fọwọ́ sí i? Ìlà kejì ni kó o fi orúkọ mi sí. Tó bá wà lókè pátápátá, wọ́n á ní èmi ni mo rán ẹ. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilé, òòlù ńlá náà wà níbẹ̀. Tó bá di ọ̀la, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ya fọ́tò wá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti bá ìyàwó rẹ sọ ọ́, ó sì ti gbà.